Ètò Tẹlifíṣàn Tí Àgbà Ò Ní Sùn Sí, Tí Ọmọdé Ò Ní Sá Fún

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan yẹ fún àjọwò tòbí-tọmọ? Ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí fóònù. Bó bá jẹ́ bàbá ni, tí eré ò sì tíì ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ètò ọmọdé lásán nìyẹn, bàbá kàn jókòó tì wọ́n bí ọdẹ asọ́lé ni. Bó bá jẹ́ ọmọ ló ti ń yí gbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì kí ìpolówó ọjà àkọ́kọ́ tó dé, ètò àgbà nìyẹn, ẹ kàn há ọmọ mọ́ ọn ni. Ọjọ́ tí fóònù bá dákẹ́ sórí tábìlì fún odidi ìṣẹ́jú 20 tí ẹnikẹ́ni ò rántí rẹ̀, ẹ ti rí èyí tí ẹ ń wá.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, kò sí pé à ń yàn. Ìkànnì kan ṣoṣo ló wà. Ohun tí wọ́n bá gbé sórí afẹ́fẹ́ ni gbogbo agbolé máa rọ́ wá wò, tọmọ tìyá, títí kan ará ilé kejì tó yọjú lójú fèrèsé. Lónìí, nínú yàrá àti pálọ̀ kan ní Ọbańtokò tàbí Àsẹ́rò, l'Abẹ́òkúta níbí, dìkódà lè wà, tẹlifíṣàn tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lè wà, fóònù mẹ́rin á tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Olúkúlùkù ti ní ìkànnì tirẹ̀. Àjọwò kì í ṣèèṣì wáyé mọ́, àfi ká mọ̀ọ́mọ̀ yàn án.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í ni pé ọmọ ni wọ́n ń yan ètò fún. Wọ́n á wá káátúùnù tí kò ní ìjà, tí kò ní èébú, wọ́n á tan án, wọ́n á gba ilé ìdáná lọ. Kò burú, àmọ́ ìyẹn kọ́ là ń wí níbí. Èyí tí à ń wí ni ètò tí ẹ̀yin fúnra yín á máa wò lọ bí ọmọ bá tilẹ̀ dìde lọ tọ̀. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré àjọwò tó dáa ṣe máa ń rí. Ibi kan náà ni ọmọ ọdún 6 àti ìyá rẹ̀ á ti bú sẹ́rìn-ín, ohun tó ń pa kálukú lẹ́rìn-ín ló máa yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka orí

Kí ẹ tó mú rìmóòtù, ẹ ka àwọn tó máa jókòó àti ọjọ́ orí wọn. Òfin kan wà tí kò yẹ ká yẹ̀: ẹni tó kéré jù ló ń sọ ohun tí kò gbọdọ̀ sí nínú ètò náà, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ ló ń sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yí i po, tí ẹ ń fi ojú ọmọ ọdún 12 pinnu ohun tí ọmọ ọdún 4 lè rí, oorun òru ọjọ́ náà á dàrú. Bí ẹ bá sì ń fi ohun tó ń dùn mọ́ ọmọ ọdún 4 há ti ọdún 12 mọ́lẹ̀, yóò wọ yàrá lọ, ẹ ò ní rí i mọ́.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ò sí nínú ìṣirò yìí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo tẹlifíṣàn rárá, pé kò yẹ fún ọmọ ọdún kan náà, àti pé kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Bó bá dín sí i, ó tún dáa jù. Àpapọ̀ ohun gbogbo ni wákàtí kan yẹn o. Èyí tó wò lórí fóònù ìyá àgbà lọ́sàn-án wà nínú ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìṣẹ́jú 40 jọ wo nǹkan lálẹ́, a jẹ́ pé ìṣẹ́jú 20 péré ló kù fún gbogbo ọjọ́ náà.

Ọmọ ọdún 3 sí 5 ò lè gbé ìtàn méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Eré ìṣẹ́jú 5 sí 10 tí ìṣòro kan ṣoṣo wà nínú ẹ̀ ló bá a mu: bàtà sọnù, wọ́n wá a, wọ́n rí i. Kì í sú u láti tún un wò, àgbà ló máa ń sú. Nítorí náà, ẹ wá èyí tí àwọn àgbà inú eré náà jẹ́ ènìyàn gidi: bàbá tó ń gbìyànjú tó sì ń ṣìṣe, ìyá àgbà tó lẹ́nu. Àwọn ni ẹ̀yin á máa wò nígbà tí ọmọ bá tẹjú mọ́ ẹranko tó ń sọ̀rọ̀. Káátúùnù Bino and Fino tí Adamu Waziri dá sílẹ̀ wà ní ìpele yìí: ọmọ méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn ní ìlú kan nílẹ̀ Áfíríkà. Ilé tí ìyá àgbà bá wà, ó máa ń rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Láti ọdún 6 sí 9, ọmọ lè jókòó fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, ó ti ń mọ àwàdà, àmọ́ iwin inú fíìmù ṣì jẹ́ iwin gidi lójú rẹ̀. Ohun tó ká a lára jù ní ìpele yìí ni ẹ̀tọ́: ta ló rẹ́ ta jẹ, ta ló tẹ òfin. Ẹni ọdún 10 sí 12 lè gbé ìtàn tó ń lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ pé "ti ọmọdé" ni nǹkan. Ẹni tó ti lé ní 13, ẹ má pe ètò kankan ní "ètò ìdílé" níwájú rẹ̀. Ẹ kàn tan án, kó bá a níbẹ̀.

Bí ọmọ ọdún 4 àti ọmọ ọdún 13 bá wà nínú ilé kan náà ńkọ́? Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ètò kan tó máa tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn lójoojúmọ́. Ẹ ṣe é ní ìjókòó méjì. Ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́ jẹ́ ti àbúrò, kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ alálàyé. Bí àbúrò bá ti sùn, ìjókòó kejì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin. Ẹ̀gbọ́n á fara da ti àkọ́kọ́ nítorí ó mọ̀ pé tirẹ̀ ń bọ̀.

Èyí tó máa ń gbé àti èyí tó máa ń já

Ètò ìdíje ló wà lókè pátápátá: ìdíje oúnjẹ sísè, ti ìbéèrè àti ìdáhùn, ti orin, ti kíkọ́ nǹkan. Kò sí ẹni tó nílò kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá tó ń ro láfún lọ́wọ́ lè dáhùn ìbéèrè láti ilé ìdáná. Ọmọ ọdún 8 lè mọ ìdáhùn kí bàbá rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, èyí nìkan tó fún un láti dúró de ti ọ̀la. Bí iná bá lọ, ẹ ò pàdánù ìtàn kankan. Ọmọ tí kò tíì mọ ìdáhùn, ẹ fún un ní ọmọ ayò àti abọ́ méjì; gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá gbà á, kó ju ọmọ ayò kan sínú abọ́ onítọ̀hún. Òun ni adájọ́ yín nìyẹn, yóò sì ṣọ́ iṣẹ́ yẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ibi tí ìdíje ti máa ń bàjẹ́ ni ọwọ́ àwọn adájọ́ orí tẹlifíṣàn. Bí wọ́n bá ń fi olùdíje ṣẹ̀sín, tí wọ́n ń sọ àwo oúnjẹ nù kí ayé lè rẹ́rìn-ín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ óò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ọmọ nígbà tó bá ń tọ́ ọbẹ̀ yín wò.

Ètò ẹranko àti igbó tẹ̀ lé e. Àwòrán rẹ̀ ń dá sọ̀rọ̀, kò yára, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ebi ń pa kìnnìún. Gẹ̀ẹ́sì tí alálàyé ń sọ máa ń ta sí etí ọmọ kékeré àti ti ìyá àgbà bákan náà. Ẹ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ìyá àgbà máa sọ èyí tó mọ̀. Ohun tí ìyá tó dàgbà sí oko mọ̀ nípa òkété, ọ̀yà àti àwòdì, alálàyé ilẹ̀ òkèèrè ò mọ ìdajì rẹ̀. Ìran pípa ẹran ni àwọn òbí máa ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ń rí àgbò Iléyá àti adìyẹ Kérésì kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Èyí tó máa ń pa wọ́n lẹ́kún ni ọmọ ẹranko tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Orin máa ń yí padà kí irú ìran bẹ́ẹ̀ tó dé, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ tètè sọ ọ́ síta, "ó jọ pé ìyá rẹ̀ ò ní padà o," kí ó má bá a lójijì.

Àlọ́ ńkọ́? Àwọn òbí tó dàgbà sí ìdí NTA á rántí Tales by Moonlight. Àlọ́ oníkáátúùnù pọ̀ ní èdè Yorùbá lórí YouTube báyìí, dídára wọn kò dọ́gba. Ẹ tẹ́tí sí ohùn ní ìṣẹ́jú kìíní. Àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ ka ìtàn. Ẹ̀rọ náà á pe ọkọ̀ bí ọkọ, á pe igbá bí ìgbà, ọmọ tó ń kọ́ èdè lọ́wọ́ á sì gbé e bẹ́ẹ̀. Ẹ yan èyí tí ènìyàn ń sọ, tí orin wà nínú ẹ̀, tí orin náà sì ní ègbè. Àlọ́ tí kò ní ègbè, wíwò nìkan ló kù fún ọmọ. Èyí tó ní ègbè, gbogbo pálọ̀ á jọ máa gbè é.

Bọ́ọ̀lù dára bí ilé bá wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ kan náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, ẹ pè é wá fún ìdajì kejì nìkan, ìṣẹ́jú 45 pọ̀ tó. Àkókò ìsinmi ni ìpolówó tẹ́tẹ́ máa ń rọ́ wọlé. Ẹ pa ohùn, ẹ ní kí gbogbo ayé lọ tọ̀.

Àwọn tó máa ń já kò gba àlàyé púpọ̀. Ìròyìn: ìjàm̀bá ọkọ̀ àti òkú lè jáde láìsí ìkìlọ̀. Àwọn eré àtìgbàdégbà ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n túmọ̀: ọmọ á máa bèèrè pé "kí ló dé tó ń sunkún?" ní gbogbo ìran, ẹ ò sì ní lè dáhùn láìṣàlàyé ọ̀rọ̀ orogún àti àlè. Àwàdà kéékèèké orí fóònù tí wọ́n ti ń gbá ènìyàn létí: ọmọ máa dán an wò lára àbúrò rẹ̀ kó tó di ọ̀la.

Ẹ wò ó láìgbọ́, ẹ gbọ́ ọ láìwò

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Kí aládùúgbò ní ètò kan dára kò tó, àwòrán mèremère tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ kò tó. Àgbà kan gbọ́dọ̀ ti wò ó ṣáájú, kò sì ní gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ bí ẹ bá ṣe é báyìí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti apá kìíní. Ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe é kó gbogbo ọgbọ́n àti owó wọn sí. Ẹ ṣí apá kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá, ẹ wo ìṣẹ́jú 5. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, ojú ló fi ń gbọ́ ìtàn, bí àwòrán ò bá lè dá a sọ, yóò máa dà yín láàmú pé "Kí ni wọ́n wí?" Nínú ìṣẹ́jú 5 yẹn náà, ẹ ka bí àwòrán ṣe ń yára yí sí. Bó bá ń yí ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3 láìsinmi, ojú ọmọ á lẹ̀ mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní ráàyè sọ̀rọ̀, ọmọ náà á sì bínú burúkú nígbà tí ẹ bá pa á. Èyí tí àwòrán rẹ̀ ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fún ìdílé láyè láti máa dá sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá ohùn padà, kí ẹ wá kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ máa ṣa ẹ̀wà tàbí kí ẹ máa ká aṣọ fún ìṣẹ́jú 10. Etí á gbọ́ ohun tí àwòrán tó rẹwà ń bò mọ́lẹ̀: ariwo, èébú, ìyá tí gbogbo wọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá tó jẹ́ òpònú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ka èébú náà. Ẹyọ kan tàbí méjì tí ẹni tó bú ènìyàn jìyà rẹ̀ kò ba nǹkan jẹ́. Mẹ́wàá tí wọ́n fi ń pani lẹ́rìn-ín, ilé ìwé ló ń lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá wà lọ́wọ́ yín láìká, tí ẹ ò sì mọ ìgbà tí ẹ yíjú padà wo tẹlifíṣàn, ẹ kọ orúkọ ètò náà sílẹ̀.

Ìkẹyìn, ẹ fò lọ sí ìṣẹ́jú 5 tó parí ìtàn. Ibi tí eré bá parí sí ni ọmọ ń gbé lọ sórí ibùsùn. Eré tó já lójijì nígbà tí ẹnìkan rọ̀ sórí àpáta dára fún ọ̀sán Sátidé; kò dára fún alẹ́ tí ilé ìwé wà lọ́la.

Ẹ má gbójú lé àmì orí fíìmù láti fi rọ́pò ìyẹ̀wò yìí. Ó wúlò, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Àjọ NFVCB tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa yẹ fíìmù wò ń fi G sí ti gbogbo ènìyàn, PG sí èyí tí òbí ní láti wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà 12, 15 àti 18. Lórí DStv, ẹ óò tún rí lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà: V ni ìwà ipá, L ni ọ̀rọ̀ rírùn, S ni ìbálòpọ̀, N ni ìhòòhò. PG tó bá ní L yàtọ̀ sí PG tó bá ní V, ilé yín ló mọ èyí tó wúwo. Ìlànà NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn, sì fi ago 10 alẹ́ sí ago 5 ìdájí sílẹ̀ fún ètò àgbà lórí tẹlifíṣàn, nítorí náà ago 7 sí ago 9 ni ó fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Àmì kankan ò bójú tó ìpolówó ọjà tó wà láàárín, pàápàá ti àgbo ọkùnrin. Kò sì sí àmì kankan tó ń sọ pé ètò kan máa sú àgbà.

Fíìmù Yorùbá, ní pàtàkì

Ó yẹ kó rọrùn jù, òun ló le jù. Èdè wa ni, àwọn òṣèré tí a mọ̀ ni, gbogbo ilé sì lè dá sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lórí YouTube gùn tó wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, ẹ̀san àti ìkà ló kún inú wọn, àwòrán tí wọ́n sì fi pe ènìyàn lè má sí nínú fíìmù náà rárá. Ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ ló máa ń tú àṣírí: wọ́n sábà máa ń kó ìran tó gbóná jù síwájú. Bí ẹkún, ìbọn àti igbá ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó kù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti òògùn ló nílò ọgbọ́n. Ọmọ tó bá egúngún pàdé ní Ìtòkú lọ́sàn-án, tó tún rí iwin nínú fíìmù lálẹ́, kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Fún ẹni tó wà lábẹ́ ọdún 8, ẹ má fi irú rẹ̀ hàn án lálẹ́ rárá. Fún ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é: pé zobo lè di ẹ̀jẹ̀, pé ẹfun ni wọ́n kùn sójú, pé òṣèré tó kú lánàá ló ń ṣe àwàdà nínú èyí tó jáde lónìí. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti rẹ́ ojú jẹ, ìbẹ̀rù ti di eré.

Fíìmù Lísàbí tó jáde lórí Netflix lọ́dún 2024 jẹ́ àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò ní fẹ́ wò ó, àmọ́ ìjà àti ìyà inú rẹ̀ kì í ṣe fún ojú ọmọ kékeré. Ẹ fi ẹnu pa ìtàn Lísàbí fún àwọn tó kéré. Àwọn tó ti ń di géńdé, ẹ jọ wò ó ní ọ̀sán, kí ẹ gé e sí méjì, kí ẹ sì máa dá a dúró láti bi wọ́n pé èwo ni ìtàn tí a gbọ́ nílé, èwo ni òǹkọ̀wé fi kún un.

Èyí tó máa ń gbé ilé dáadáa ni àwàdà abúlé àti eré ilé kíkún tí ìyá, bàbá, ọmọ àti onílé ń tahùn síra wọn. Àǹfààní kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò lò: Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ọmọ ọdún 9 tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá rẹ̀ ò sì tó nǹkan á fi ojú ka èyí, á fi etí gbọ́ tọ̀hún. Bí òṣèré bá pa òwe, ẹ dá a dúró, ẹ ní kó ka ohun tí wọ́n kọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtumọ̀ náà á ti sá kúrò lára òwe. Jíjà lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ lè dùn ju fíìmù náà lọ.

Dìkódà, dátà àti iná

Nọ́ńbà PIN tó bá dìkódà wá ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, torí ọmọ tó bá ní ọ̀rẹ́ á ti mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ má fi ọdún ìbí ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Lórí YouTube Kids, ìpele mẹ́rin ló wà: ti ọdún 4 sí ìsàlẹ̀, ti 5 sí 8, ti 9 sí 12, àti èyí tó jẹ́ pé ohun tí òbí bá fọwọ́ sí nìkan ló máa jáde. Ìkẹrin yìí ló dáa jù fún àjọwò. Ẹ kó ètò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó ti yege sínú rẹ̀. Lórí YouTube gbogbogbòò àti Netflix, ẹ pa bọ́tìnì tó ń mú eré mìíràn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ló ń sọ ìjókòó ìṣẹ́jú 25 di ti wákàtí méjì, òun náà ló ń gbé ọmọ láti ọ̀dọ̀ káátúùnù rere lọ sọ́dọ̀ ayédèrú rẹ̀. Bí Netflix bá wà, ẹ dá àyè kan sílẹ̀ tí ẹ máa pè ní "Àjọwò," kí ẹ má máa lo ti ọmọ tàbí ti bàbá. Ohun tí gbogbo yín jọ wò nìkan ni yóò fi máa dámọ̀ràn èyí tó kàn.

Netflix ń jẹ tó 1GB ní wákàtí kan bí àwòrán bá wà ní ìpele lásán, tó 3GB bó bá wà ní HD. Lórí tẹlifíṣàn 32 ínṣì, ọmọ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ gbà á sórí fóònù níbi tí Wi-Fi bá wà, àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tó máa parẹ́: àwọn kan ń lọ lẹ́yìn wákàtí 48 tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n.

Ìlú olókè àti olókùúta ni Abẹ́òkúta. GOtv tó ń lo áńtẹ́nà máa ń já létí òkè tàbí ní kòtò. Ẹ gbé áńtẹ́nà ga ju òrùlé lọ, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí dìkódà tún àwọn ìkànnì wá. Díìṣì ò bìkítà fún òkè, òjò tó ṣú dùdù ló ń gbé tirẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, ẹ ní ètò kan tí ẹ ti gbà sílẹ̀ fún alẹ́ òjò. Ní ti iná, tẹlifíṣàn 32 ínṣì òde òní àti dìkódà kì í sábà ju 65 wáàtì lọ pọ̀. Bátìrì 100Ah oní-12V tí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ péré lè gbé wọn fún bí wákàtí 7.

Nígbà tí gbogbo yín bá ti jókòó

Ìṣẹ́jú 45 tó fún alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Fíìmù oníwákàtí méjì, ẹ fi Fúráìdé wo ìdajì, ẹ fi Sátidé parí rẹ̀. Fóònù gbogbo á wọ inú agbọ̀n kan, ti bàbá á kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ má pa iná pálọ̀. Kí ẹni tó bá jókòó sílẹ̀ jìnnà tó mítà kan ààbọ̀ sí tẹlifíṣàn 32 ínṣì.

Ẹ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wàásù. Ìbéèrè kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tó: "Ìwọ lo bá jẹ́ ńkọ́?" tàbí "Ta lo rò pé ó gbé e?" Bí gbogbo ìran bá ń parí sí "ṣé o rí ohun tí àìgbọràn fà?", ọmọ á wá yàrá rẹ̀ lọ.

Ìran tí kò yẹ máa yọjú lọ́jọ́ kan, bó ti wù kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò tó. Ẹ má pariwo, ẹ má sì fò mọ́ rìmóòtù bí ẹni pé ejò wọlé, nítorí èyí ló máa jẹ́ kí ọmọ rántí rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ fi í síwájú ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ sọ gbólóhùn kan, "ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn," kí ẹ máa bá eré lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ fi "lọ bu omi wá fún mi" sílẹ̀. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 8 mọ̀ pé òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ yín.

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ní alẹ́ tirẹ̀ láti yàn, títí kan èyí tó kéré jù, kí ẹnikẹ́ni sì lè fi ọwọ́ lé ètò kan kó ní rárá, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Ìwé kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn á máa gba orúkọ ètò, ọjọ́, àti iye ìṣẹ́jú tó fi gbé ilé ró kí ẹnìkan tó wo agbọ̀n fóònù. Èyí tí kò dé ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fa igi lé e.

Bí NẸ́PÀ bá gba iná lọ nígbà tí ìdíje bá dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, ẹ má sáré lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àjà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù ka ọmọ ayò inú abọ́ kọ̀ọ̀kan sókè, kí èyí tó dàgbà jù sì fi ẹnu ṣe ìyókù ètò náà, pẹ̀lú ohùn atọ́kùn àti gbogbo rẹ̀.